Ẹ má tíì tẹ rm -rf yẹn

Ẹ ní fódà yín ṣófo lójú yín, síbẹ̀ àṣẹ rmdir kọ̀ láti pa á rẹ́, ẹnìkan wá ní kí ẹ kàn tẹ rm -rf. Ẹ dúró ná. rmdir ò ṣìṣe: fódà tó ṣófo pátápátá nìkan ló máa ń gbà. rm -r ní tirẹ̀ máa ń wọ inú fódà lọ, á sì kó gbogbo ohun tó bá bá níbẹ̀. f tí ẹni yẹn lẹ̀ mọ́ ọn ló ń sọ fún un pé kó má bi ẹnikẹ́ni léèrè.

f yẹn ló jẹ mí níyà. Mo fẹ́ pa àwọn fáìlì tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tmp rẹ́ lóru ọjọ́ kan. rm -rf tmp* ló yẹ kí n tẹ̀. Oorun ti ń kùn mí, mo tẹ rm -rf tmp *. Àlàfo kan péré! Lójú shell, ìyẹn ètò tó ń ka àṣẹ tí a bá tẹ̀, nǹkan méjì ni mo dárúkọ: tmp, àti gbogbo ohun tó wà nínú fódà tí mo wà. Kí n tó rí i, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Iṣẹ́ oṣù 3 lọ. rm kì í kó nǹkan sí àpò ìdọ̀tí tí èèyàn ti lè lọ ṣà á. Mo fi photorec, ètò tó ń wá fáìlì tó ti parẹ́, wá a títí ilẹ̀ fi mọ́, ó rí díẹ̀ fún mi, àmọ́ kò sí èyí tó ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú wọn.

Àwọn fáìlì tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìdánudúró (.), àwọn tí kì í hàn síta lásán, nìkan ló ṣẹ́kù, torí * kì í kàn wọ́n. Ká ní mo ń lo git, ètò tó ń tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ ẹni sínú fódà .git, fódà yẹn ì bá gbà mí. N ò lò ó nígbà yẹn.

Ní báyìí, ls -d tmp* ni mo kọ́kọ́ máa ń tẹ̀, kí n lè rí orúkọ gbogbo ohun tí tmp* máa kó. Bó bá tẹ́ mi lọ́rùn, màá pe àṣẹ náà padà, màá sì fi rm -rI rọ́pò ls -d. I ńlá yìí, lórí Linux, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń béèrè. i kékeré ń béèrè lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Á sú yín, ẹ ó sì máa tẹ y láìwò.

Ní ti fódà tiyín, ó jọ pé irú fáìlì tó ń sá pamọ́ yẹn ló wà níbẹ̀. Ẹ tẹ ls -la nínú rẹ̀, òun ló ń fi irú wọn hàn, kí ẹ sọ ohun tó jáde fún wa ká tó fọwọ́ kan nǹkan kan.