Èsì: tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí agbọ́n ta èèyàn

Ẹ pẹ̀lẹ́ o àǹtí. Ẹ ní agbọ́n ta ọkọ yín l'Ọ́bàntókó lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú wú, èémí ò já gaara, ṣé kó lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ lọ́la. Dókítà ni kó kọ́kọ́ lọ rí lọ́la, ní FMC Ìdí-Aba (ọsibítù ìjọba àpapọ̀ l'Abẹ́òkúta), kó bèèrè abẹ́rẹ́ adrenaline tí á máa mú rìn, tó máa ń gba ẹ̀mí là bí èémí bá tún fẹ́ dí, ìyẹn ò gbọdọ̀ dúró de tẹ́ẹ̀sì kankan. Tẹ́ẹ̀sì yẹn gan-an, wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn dúró tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, torí tó bá yá jù ó lè jáde bíi pé kò sí nǹkan kan. IgE ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn èròjà tí ara máa ń ṣe sí oró kòkòrò tí ò bá a lára mu (alájì), ti oyin lọ́tọ̀ ti agbọ́n lọ́tọ̀, tí ò bá dá a lójú èyí tó ta á (ta ló ń wo kòkòrò nígbà tó ń sáré) kí wọ́n yẹ méjèèjì wò. Piriton (oògùn alájì) tó ń lò ò dí tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń ṣe sára awọ ló ń bàjẹ́. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí láàbù nìkan túmọ̀ èsì fún yín o, ẹlòmíì ní IgE yẹn lára, agbọ́n á ta á, kò ní ju kó wú díẹ̀ lọ.