Ìbéèrè Yín: Ṣé Dandan Ni Ká Ra Sọ́fúwíà Ká Tó Lè Ṣírò SROI?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àjọ wa kọ́ 40 obìnrin ní ọ̀nà gàrí ṣíṣe ìgbàlódé. Àwọn tó fún wa lówó ní ká fi SROI hàn wọ́n: bí wọ́n bá ná náírà kan, èrè náírà mélòó ló bọ́ sọ́wọ́ àwùjọ? Ṣé sọ́fúwíà olówó gọbọi ni ká rà? Akọ̀wé àjọ kan, Ìkọ̀lé-Èkìtì.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ ní lọ́wọ́. KoboToolbox láti fi kó ìdáhùn jọ àti Excel láti fi ṣírò ti tó yín. Áàpù KoboCollect ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù Android lóko tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé. Bí ẹ bá padà dé ìgboro, ẹ ó fi ránṣẹ́.

Inú fọ́ọ̀mù ni nǹkan ti sábà ń bàjẹ́. Ẹ fún obìnrin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹ lè so ìdáhùn rẹ̀ ṣáájú ẹ̀kọ́ mọ́ ti oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí ẹ ti ń béèrè owó, irú ìbéèrè "Number" ni kí ẹ yàn. Bí ẹnì kan bá tẹ "2k", ọ̀rọ̀ ni Excel máa kà á sí, SUM tó ń ro owó pọ̀ á fò ó, ẹ ò sì ní mọ̀.

Ẹ má sì béèrè owó ọ̀sẹ̀. Ọjà ọrọọrún ni ọ̀pọ̀ ọjà wa, èyí tí wọ́n bá sì ná ní Mọ́ńdè, Fráídè ni wọ́n tún máa ná an. Ọjà 91 nìyẹn lọ́dún. Ẹni tó ń rí ₦2,000 lé sí ti tẹ́lẹ̀ lọ́jà kọ̀ọ̀kan ń rí ₦182,000 lé lọ́dún. Bí ẹ bá fi ọ̀sẹ̀ 52 ṣírò, ₦104,000 péré lẹ máa kọ fún un.

Ká wá ní 30 nínú wọn ṣì ń ṣe é: ₦5,460,000 lọ́dún. Ká ní ₦3,000,000 lẹ ná, tí a ti ka ilé tí wọ́n yá yín lọ́fẹ̀ẹ́ àti àkókò àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn mọ́ ọn. Ẹni tó bá kàn fi ọdún mẹ́ta sọ ọ́ di ìlọ́po, tó sì fi ₦3,000,000 pín in, á kọ 5.46. Àsọdùn ni.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí ẹ ò tiẹ̀ dá sí i. Ẹ ò ní fojú bù ú o: ẹ bi àwọn obìnrin tí kò gba ẹ̀kọ́ ní abúlé ìtòsí bóyá owó tiwọn náà lé. Bó bá jẹ́ 25%, ó ku ₦4,095,000. Ẹ yọ ipa àwọn ẹlòmíràn, bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó yá wọn lówó: ká ní 20%, ó ku ₦3,276,000. Àwọn kan á pa iṣẹ́ tì. Bí èrè bá ń fi 30% dín lọ́dọọdún, ọdún kejì á jẹ́ ₦2,293,200, ìkẹta ₦1,605,240. Owó ọjọ́ iwájú kò tó owó òní, nítorí náà ẹ fi NPV inú Excel dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sí iye òní ní 10% lọ́dún: ₦6,079,429. Ẹ pín in sí ₦3,000,000, ó di 2.03. Owó tí ẹ ná kò gbọdọ̀ wọ inú NPV yẹn, torí bíi owó ìparí ọdún kìíní ni Excel ṣe máa ka nọ́ńbà àkọ́kọ́.

Ẹ tún sọ 25% yẹn di 40%, ẹ ó rí 1.62. Ẹ kọ méjèèjì sínú ìròyìn yín.

Ìbéèrè: Sọ́fúwíà tí a rà láti fi ṣírò SROI ti fi iye owó ti Ìlú Ọba sórí "ìfọ̀kànbalẹ̀". Ṣé ká ṣẹ́ ẹ sí náírà? Òṣìṣẹ́ àjọ kan, Adó-Èkìtì.

Ìdáhùn: Rárá o. Ohun tí ìfọ̀kànbalẹ̀ tó lójú àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n fi gbé iye yẹn jáde. Ẹ ya àwọn ohun tó níye lórí sára káàdì: ewúrẹ́, fóònù, ẹ̀rọ ìránṣọ. Kí obìnrin kọ̀ọ̀kan tò wọ́n bó ṣe fẹ́ràn wọn sí, kó wá fi káàdì ìfọ̀kànbalẹ̀ síbi tó yẹ láàárín wọn. Iye tí ohun tó wà lókè rẹ̀ àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ lọ́jà Adó lẹ máa fi díwọ̀n. Sọ́fúwíà náà á jẹ́ kẹ́ ẹ pààrọ̀ iye bí kì í bá ṣe pé wọ́n tì í pa. Bí wọ́n bá tì í pa, Excel ni kẹ́ ẹ padà sí.