Ọmọ mi ń lọ kàwé ní Jàpáànù, ó ní júdò lòun fẹ́ máa ṣe

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ mi ọkùnrin gba sikọ́láṣíìpù, oṣù kẹrin ni yóò wọlé sí yunifásítì ní Jàpáànù. Gbogbo àdúgbò ló ń bá wa yọ̀. Àfi bó ṣe sọ fún bàbá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan pé bí òun bá ti débẹ̀, ẹgbẹ́ onijúdò lòun máa kọ́kọ́ wọ̀. Ṣé ìjàkadì ló fẹ́ lọ kọ́ ni àbí ìwé? Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ ṣẹ́ ọmọ mi lápá. – Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin Màmá, ẹ kú oríire. Ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Èmi náà ṣe é nígbà tí mo wà ní Kyoto.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ọ̀rọ̀ apá bẹ̀rẹ̀. Bíi gídígbò tiwa ni, bí ẹ̀yìn ẹnì kan bá kanlẹ̀ gbìì, ìjà parí. Ṣùgbọ́n ìṣubú ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ẹni tuntun: wà á ká àgbọ̀n mọ́ àyà kí orí má baà gbálẹ̀, wà á sì fi gbogbo apá gbá ẹní pàá. Ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ń ṣubú kí n tó di ẹnikẹ́ni mú. Ìgbọ̀nwọ́ mi bó, eegun kankan ò ṣẹ́. N ò ní purọ́ fún yín pé kì í ṣẹlẹ̀ rárá. Àmọ́ dandan ni kí àjèjì tó bá máa lò ju oṣù mẹ́ta lọ wọ ètò ìlera ìjọba wọn, ètò náà ló sì ń san ìdá 70 nínú 100 owó ìwòsàn.

Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò níbẹ̀ kì í ṣe ìṣubú. Mo ti pé ọdún 24 nígbà náà. Lọ́jọ́ kejì, mo pe ọmọ ọdún 19 kan lórúkọ gbànsásá. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ẹnì kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: ọmọ yẹn ti wọ ẹgbẹ́ ṣáájú mi lọ́dún kan, sẹ́ńpáì mi ni, ìyẹn ẹ̀gbọ́n nínú ẹgbẹ́, èmi ni kòháì rẹ̀, àbúrò. Ọjọ́ tí o wọlé ni wọ́n ń kà. Inú bí mi dé yàrá mi, àfi bí mo ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ṣebí báyìí náà ni ti ìyá mi nílé ọkọ! Ọmọ ọdún mẹ́fà tó bá nílé, "Bàbá Kékeré" ló ń pè é títí dòní. Mo gbà pé ìyàwó ilé ni mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé, mo ń fi àkísà tútù nu ẹní tátámì kí àwọn ọkọ mi tó dé.

Ọmọ ọdún 19 yẹn náà ló kọ̀ jálẹ̀ kí n sanwó abọ́ núdù tí a jọ jẹ. Sẹ́ńpáì ló ń sanwó, ó ní. Òun náà ló kọ́ mi bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ lédè wọn, èyí tí mo ti ń ṣì sọ ní kíláàsì látọjọ́ yìí.

Àti ìtẹríba. Jigoro Kano tó dá júdò sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1882, olùkọ́ ni. Bí wọ́n bá wọlé, wọ́n á tẹríba. Kí wọ́n tó di ara wọn mú, wọ́n á tẹríba. Bí ìjà bá parí, wọ́n á tún tẹríba. Lọ́dún 1964 tí júdò kọ́kọ́ wọ Òlíńpíìkì, ní Tokyo níbẹ̀, Anton Geesink ará Netherlands na Akio Kaminaga, ọmọ onílé. Àwọn èèyàn Geesink fẹ́ ya gun orí ẹní láti bá a yọ̀, ló bá na ọwọ́, ó dá wọn dúró. Olùkọ́ wa sọ ìtàn ọwọ́ yẹn fún wa ju ìtàn àmì-ẹ̀yẹ wúrà tó gbà lọ.

Ní ti ìwé, ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti bá a sọ̀rọ̀. Oríṣi ẹgbẹ́ méjì ló wà. Èyí tó ń ṣojú yunifásítì lè máa pe èèyàn ní ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní sákúrù, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni, ẹ̀rín àti oúnjẹ sì pọ̀ níbẹ̀. Èmi wọ ti àkọ́kọ́. Èsì ìdánwò mi ní sáà yẹn, n ò fi han bàbá mi. Kí ọmọ yín fi sákúrù bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹrin náà ni gbogbo wọn ń wá ọmọ ẹgbẹ́ tuntun, kó kọ́kọ́ lọ jókòó wò wọ́n ní méjì, mẹ́ta.

Kó sì gé èékánná ọwọ́ àti tẹsẹ̀ kó tó lọ. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò.