Èmi náà da prednisolone nù rí

Àbúrò mi tó ní ojú òun ti wú bíi búrẹ́dì, tí ìyá ọkọ ẹ̀ wá ní kó da oògùn prednisolone nù lọ́la, jọ̀ọ́ dúró ná. Èmi náà dà á nù rí, díẹ̀ ló kù kí n bá a lọ.

Lupus ló ń ṣe mí, 2016 ni wọ́n rí i. Láàárọ̀ mi ò lè ká ìka mú ṣíbí, irun ń já, ara ń gbóná. Dókítà ní àwọn sọ́jà tó yẹ kó máa bá àrùn jà nínú ara mi ti yíjú sí èmi fúnra mi, kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ náà ló wà. Mílígíráàmù 40 prednisolone ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn hóró mẹ́jọ láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ìdérí ike omi ni mo máa ń kà á sí, tó bá fi lè pẹ́ lórí ahọ́n báyìí, ó korò ju ewúro tí wọn ò fọ̀ lọ. Ọjọ́ kẹta lara tù mí, mo fọwọ́ ara mi ro àmàlà! Àmọ́ kì í wo lupus o, ó kàn ń ní káwọn sọ́jà yẹn jókòó ni, tibi tire wọn ló ń mú jókòó, ìdí nìyẹn tí àrùn fi tètè ń ráyè wọlé sí wa lára.

Ebi wá dé. Aago méjì òru màá dìde lọ jẹ ẹ̀bà, oorun ò sí, ẹ̀jẹ̀ ń ru, ṣúgà ń gòkè, ojú mi rí rogodo, ikùn yọ. Ìyá kan ládùúgbò wa rí mi, ó ní "a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ o", mo ṣe àmín, mo wọlé lọ sunkún. (Àwọn ọmọge kan sì ń fowó ra nǹkan yìí ní kẹ́mísìtì kí wọ́n lè sanra, ẹ gbà mí.) Lóṣù kẹta inú bí mi, mo da gbogbo ẹ̀ sí ṣáláńgá.

Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, kò sí nǹkan. Ọjọ́ kẹrin mi ò lè gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tí ò kún dé ìdajì, mo ń bì, tí n bá dìde òòyì á kọ́ mi, BP mi já sí 80/50. Ní ọsibítù wọ́n fa hydrocortisone, oògùn tó jọ prednisolone, sí mi níṣan, wọ́n fi omi sí mi lára, nígbà tó máa fi dalẹ́ mo ti ń bèèrè oúnjẹ.

Nǹkan kékeré kan wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan tó ń ṣe cortisol fún wa lójoojúmọ́, òun ló ń gbé ara dúró. Prednisolone jọ ọ́ débi pé tí ara bá ti rí i tó ń ti ìta wọlé, ẹni tó ń sè é nínú ilé á lọ sùn. Bíi ìyàwó ilé tí àbúrò ẹ̀ ti ń bá dáná látoṣù mẹ́ta, lọ́jọ́ tí àbúrò bá lọ lójijì, igi ti tutù, iná ò ràn. Ẹni tó bá ti lò ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, díẹ̀díẹ̀ ni dókítà máa ń bá a dín in kù. Láti 40 sí 20 a yára díẹ̀, láti 10 wálẹ̀ a wá ń rìn bí alágẹmọ, bíléèdì ni mo fi ń gé hóró sí méjì.

Oògùn mìíràn, azathioprine, ló jẹ́ ká lè dín in kù. Ìyẹn ò yá rárá, ó lé lóṣù méjì kí n tó rí ìyàtọ̀, torí bíbí táwọn sọ́jà yẹn ń bí sí i ló ń dí lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ lo ó máa lọ yẹ̀ wò ṣáá, tèmi lọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mi ò mọ nǹkan kan lára, tẹ́ẹ̀sì ló tú u fó. Tí wọ́n bá sì fẹ́ gún ẹ lábẹ́rẹ́ ibà apọ́njú (yellow fever) nítorí ìrìnàjò, sọ fún dókítà ẹ kọ́kọ́, kòkòrò tó wà nínú ìyẹn ṣì wà láàyè bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀lẹ.

Diclofenac, oògùn ara ríro tó o ní ò ń fi kún un yẹn, ló bà mí lẹ́rù jù. Ohun tó ń mú kí oríkèé ro ló ń dá dúró, ohun yẹn kan náà ló sì ń dáàbò bo inú àti kíndìnrín. Òun àti prednisolone pọ̀ lè dá ọgbẹ́ sínú, tó o bá rí ìgbẹ́ dúdú bíi ọ̀dà, ọsibítù ni.

Ojú mi padà sípò nígbà tá a dé 5. Ìyá àdúgbò yẹn tún pàdé mi, ó wò mí títí, ó ní ọmọ ńkọ́?