Ìjàpá Bàbá Wa Tí Wọ́n Fẹ́ Wọ̀n Bí Irin

Ìbéèrè: Olóòtú wa, bàbá wa tó dolóògbé fi ọkọ̀ Volkswagen Ìjàpá kan sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ẹni tí ń ra irin àlòkù fẹ́ wọ̀n ọ́n. Ṣé kí a gbà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gbà. Ìwúwo irin nìkan ni ẹni yẹn máa sanwó fún, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì ń wá ẹ̀yà ara ọkọ̀ yìí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, lọ́dún 1975. Ẹ gbé bátìrì kúrò lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, kí ẹ fi sùkúdíráfà gún ilẹ̀ ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìpẹtà sábà máa ń jẹ. Bí kò bá lu, ní tèmi o, ẹ má tú u rárá.

Bí ó bá ti lu, ẹ fa epo inú táǹkì, tí ó wà níwájú, dànù. Bóòtù mẹ́rin ló so ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn mọ́ gíábọ́ọ̀sì; mẹkáníìkì ni kí ó tú u, kí ẹnikẹ́ni má fi iná gáàsì gé e, nítorí pé magnesium, irin fúyẹ́ kan tó lè jó, wà nínú ikùn ẹ́ńjìnnì náà, bí ó bá sì gbiná, omi á tún mú kí ó ru sókè ni. Ẹ yọ ìlẹ̀kùn, gíláàsì àti iná iwájú lódidi. Ìyókù ni kí wọ́n wọ̀n.