Ṣé kí n ra ìyẹ̀fun Guatemala fún ọmọ mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún méjì. Kò rù, àmọ́ kò ga rárá. Ẹnì kan ń ta ìyẹ̀fun àgbàdo lọ́jà wa, ó ní òun ni wọ́n ń jẹ ní Guatemala, orílẹ̀-èdè kan ní Àárín Amẹ́ríkà, pé ìdí nìyẹn tí ọmọ tó rù níbẹ̀ ò fi tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, tiwa sì jẹ́ mẹ́jọ. Ṣé kí n rà á? (Ìyá ọmọ kan, Ìṣẹ́yìn)

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á. Àgbàdo tẹ́ ẹ fi ń po ògì náà ló wà nínú àpò yẹn. Ẹ̀ẹ̀kẹrin tí wọ́n máa bi mí nípa rẹ̀ lóṣù yìí rèé, ó sì ti sú mi.

Iye tí ọlọ́jà yẹn ń kà kì í ṣe irọ́. Nínú ìwádìí tí Guatemala ṣe ní 2014 sí 2015, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tó rù kò pé ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Tiwa ní 2023 sí 2024 jẹ́ 8, ti India ní 2019 sí 2021 sì lé ní 19. Ohun tó fi pamọ́ ni pé nínú ìwádìí Guatemala yẹn kan náà, bí ọmọ 46 nínú ọgọ́rùn-ún ló kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ. Tiwa jẹ́ 40, ti India lé ní 35. Ibi tí ọmọ ò ti rù yẹn gan-an ni ọmọ ti kúrú jù nínú àwọn mẹ́ta.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ìwúwo ọmọ la fi ń wé gíga rẹ̀ ká tó sọ pé ó rù. A kì í bi í léèrè ọjọ́ orí. Ẹ mú ọmọkùnrin ọlọ́dún méjì kan tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 75, tó wúwo ní kìlógíráàmù 9.5. Ìwúwo rẹ̀ bá gíga rẹ̀ mu rẹ́gí, wọn ò ní kà á mọ́ àwọn tó rù. Bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jẹun kánú á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 87. Rírù lè dé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan: oúnjẹ wọ́n, tàbí kí ìgbóná èéyí mú ọmọ. Àìga máa ń pẹ́ kó tó hàn: ògì lásán lójoojúmọ́, ìgbẹ́ gbuuru tó ń lọ tó ń bọ̀, ìyá tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ nínú oyún.

Mi ò fojú kan ọmọ yín, mi ò lè sọ pé báyìí ló rí. Ìyá tàbí bàbá kúkurú náà ń bí ọmọ kúkurú. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, kí wọ́n wọn gíga rẹ̀, kì í ṣe ìwúwo nìkan.

Ẹ tún fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì (òdìkejì àtẹ́lẹsẹ̀) fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Tó bá jin kòtò tí kò padà, omi ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rá. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè wúwo dáadáa lórí òṣùwọ̀n. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Bákan náà ni tí apá rẹ̀ lókè kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5 yíká. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní àgbo kankan.

Owó ìyẹ̀fun yẹn, ẹ fi ra ẹyin àti edé gbígbẹ tẹ́ ẹ máa lọ̀ sínú ògì rẹ̀.