Ṣé dandan ni kí ìsọdipúpọ̀ sọ nǹkan di púpọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé ìwé, ṣùgbọ́n mo ní ìdánwò ìṣirò kan láti ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi to gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìṣirò àti jiọ́mẹ́tìrì pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn, kí n lè há wọn sórí. Ìwé pélébé kan tí mo rà sọ pé ẹni tó bá ti mọ ọ̀rọ̀ ti mọ ìdáhùn, pé ìsọdipúpọ̀ a máa sọ nọ́ńbà di ńlá, pípín a sì máa sọ ọ́ di kékeré, àti pé ibi tí ìdáhùn mi bá ti ta ko èyí, kí n pa á rẹ́ kí n tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ìwé àtúnyẹ̀wò mi ní 6 ÷ ½ jẹ́ 12. Ṣé àṣìṣe ìtẹ̀wé ni?

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe àṣìṣe ìtẹ̀wé. 12 ni ìdáhùn. Ìwé àtúnyẹ̀wò yín ló tọ̀nà. Òfin inú ìwé pélébé yẹn ló yẹ kí ẹ pa rẹ́. Mo rí i pé àtòkọ ọ̀rọ̀ ni ẹ béèrè, n ó sì mẹ́nu ba díẹ̀ nínú wọn kí n tó dákẹ́, ṣùgbọ́n àìní àtòkọ kọ́ ni ìṣòro yín. Ẹni tó há ìtumọ̀ ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ sórí, tó sì gbà pé pípín gbọ́dọ̀ dín nǹkan kù, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìdáhùn tó tọ́ rẹ́ nínú yàrá ìdánwò. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìwé àwọn tí mo ń kọ́: 12 ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n fi gègé fa ìlà lé e lórí, wọ́n wá kọ 3 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú nípa irú ìwé pélébé bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá tiẹ̀ kọ́ni ní nǹkan kan, ó yẹ kó fi èyí tí ènìyàn ti mọ̀ sílẹ̀ fún un.

Orúkọ ló kọ́kọ́ ń ṣini lọ́nà. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò nílò ìwé atúmọ̀ èdè kó tó mọ̀ pé sísọ nǹkan di púpọ̀ ni ìsọdipúpọ̀, bí a sì ṣe kọ́ wa ní kékeré náà nìyẹn, torí pé nọ́ńbà odidi nìkan ni a kọ́kọ́ mọ̀: 3 × 4 ni kí ènìyàn kó mẹ́rin jọ lọ́nà mẹ́ta, kó ka gbogbo rẹ̀, kó sì bá 12. Euclid, onímọ̀ ìṣirò tó fi èdè Gíríìkì kọ ìwé lórí jiọ́mẹ́tìrì ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Kristi, kò ṣàlàyé rẹ̀ ju báyìí lọ. Lójú tirẹ̀, kí a máa ro nọ́ńbà kan pọ̀ ní iye ìgbà tí nọ́ńbà kejì bá sọ ni. Àlàyé náà kò burú fún iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún, àmọ́ kò ní nǹkan í sọ nípa ìdajì, torí a máa ń ka ẹ̀ẹ̀kan, a máa ń ka ẹ̀ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ṣe nǹkan ní ẹ̀ẹ̀ ìdajì. Kódà láàárín nọ́ńbà odidi pàápàá, òfin inú ìwé pélébé yẹn kò dúró. 5 × 1 jẹ́ 5, kò fi nǹkan kan pọ̀ sí i. 5 × 0 jẹ́ 0, gbogbo rẹ̀ ti pòórá. Gbogbo wa la ti fi orin kọ méjèèjì yìí nígbà tí a wà lọ́mọdé, a kò kàn fetí sí ohun tí a ń kọ ni.

Ìtumọ̀ tó lè bá yín dé ojú ìdánwò ni pé ìsọdipúpọ̀ ń sọ iye tí a mú nínú nǹkan kan tàbí iye ìgbà tí a mú un. 8 × 3 ni 8 lọ́nà mẹ́ta, ìyẹn 24. 8 × ½ ni ìdajì 8, ìyẹn 4. Àmì × kò yí padà láàárín àwọn méjèèjì. Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló yí padà. Bí ojú yín bá ṣì ń ṣe iyèméjì, ẹ mú abala pépà kan, kí ẹ ká a sí ọ̀nà mẹ́ta ọgbọọgba lóòró, kí ẹ tú u, kí ẹ sì fi pẹ́ńsùlù kun ọ̀kan nínú ojú mẹ́ta náà. Ìdá kan nínú mẹ́ta nìyẹn. Ẹ wá ká pépà kan náà sí méjì ní ìbú, kí ẹ tún tú u. Ojú mẹ́fà ni ẹ ó bá níbẹ̀, ìdajì ibi tí ẹ kùn yóò sì jẹ́ ojú kan ṣoṣo nínú mẹ́fà. Ohun tí ½ × ⅓ jẹ́ nìyẹn, ìdá kan nínú mẹ́fà, ó kéré ju ½ lọ, ó sì kéré ju ⅓ lọ. Ẹ ó tún rí ìdí tí wọ́n fi ní kí a sọ nọ́ńbà ìsàlẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ìsàlẹ̀: 2 × 3 ni iye ojú tí ẹ fi ọwọ́ ara yín pín pépà náà sí.

Ibi kan náà ni àwọn tó ń lo dẹ́símà ti ń ṣubú. 0.4 × 0.2 jẹ́ 0.08, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni yóò kọ 0.8, torí pé 0.08 kéré jù lójú wọn. Ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni 0.4, ìdá méjì nínú mẹ́wàá ni 0.2, ìdá mẹ́wàá tí a bá sì tún pín sí mẹ́wàá, ìdá ọgọ́rùn-ún ló dà. 8 nínú 100 nìyẹn, 0.08.

Pípín ló le jù, torí pé ọ̀rọ̀ kan náà ló ń béèrè ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìbéèrè kìíní ni pé: bí a bá pín nǹkan yìí fún ènìyàn báyìí, mélòó ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan? Ìkejì ni pé: irú èyí mélòó ló wà nínú nǹkan yìí? Ẹ jẹ́ ká mú okùn tó gùn ní mítà 6. Bí a bá pín in fún ènìyàn méjì, mítà 3 ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá sì gé e ní mítà méjì-méjì, ègé 3 ni a ó rí. Ìdáhùn kan náà ni méjèèjì fún wa, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ fún wa nígbà náà pé ìbéèrè méjì ni. Ó di ọjọ́ tí ½ bá dé kí wọ́n tó yapa. Kò sí bí a ṣe lè pín okùn fún ìdajì ènìyàn, nítorí náà ẹni tó mọ ìbéèrè kìíní nìkan á rò pé wọ́n fẹ́ kí òun fi 2 pín in, á sì kọ 3. Ìbéèrè kejì ò ní wàhálà kankan ní tirẹ̀: ẹ gé okùn náà ní ìdajì mítà, ìdajì mítà, kí ẹ sì kà á. Ègé méjì wà nínú mítà kan, ègé 12 wà nínú mítà 6. Okùn náà kò fi sẹ̀ǹtímítà kan gùn sí i. Iye ègé ni a ń kà, ègé ló sì pọ̀ torí pé ó kéré.

Ẹ kíyè sí bí ẹnu wa ṣe ń dá kún un. Bí mo bá ní kí ẹ pín okùn náà sí ìdajì, ẹ ó gé e láàárín, mítà 3 ni ẹ ó sì mú bọ̀. Ẹ kò ṣàṣìṣe, torí 6 ÷ 2 ni gbólóhùn mi túmọ̀ sí. 6 ÷ ½ kì í ṣe "pín 6 sí ìdajì". Ìmọ̀ràn mi ni pé, ìgbàkígbà tí ẹ bá rí ìdá tàbí dẹ́símà lẹ́yìn àmì ÷, kí ẹ ka àmì náà báyìí: "Irú èyí mélòó ló wà nínú tọ̀hún?" Ohun kan náà ló tú àṣírí "dojú rẹ̀ dé kí o sì sọ ọ́ di púpọ̀", ìyẹn kí nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀ ìdá pààrọ̀ ipò, tí wọ́n kọ́ wa bí ẹni kọ́ni lọ́fọ̀. Fún 6 ÷ ¾, ẹ kọ́kọ́ gé okùn mítà 6 náà sí ìdá mẹ́rin mítà, ègé 24 ni ẹ ó rí, ìyẹn 6 × 4; ẹ wá kó wọn jọ ní mẹ́ta-mẹ́ta, torí mẹ́ta irú rẹ̀ ló ń jẹ́ ¾, ẹ ó sì rí ìdì 8, ìyẹn 24 ÷ 3. Ẹ ti fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ sì ti fi 3 pín in, láìdojú nǹkan kan dé.

Bí ẹ bá fẹ́ òfin tí ẹ ó fi yẹ iṣẹ́ yín wò, èyí tó tọ́ nìyí, fún nọ́ńbà tó ju òdo lọ nìkan ni mo sì fọwọ́ sí i. Bí a bá fi nọ́ńbà tó ju 1 lọ sọ nǹkan di púpọ̀, yóò tóbi sí i. Bí a bá fi 1 ṣe é, kò ní yí padà. Bí a bá fi nọ́ńbà tó wà láàárín 0 àti 1 ṣe é, yóò kéré sí i. Ti pípín jẹ́ òdìkejì rẹ̀ gẹ́lẹ́. Nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ òdo ní ìlànà tirẹ̀, ẹ má fi òfin yìí wò ó. Ẹ má sì fi 0 pín ohunkóhun, torí kò ní ìdáhùn.

Àṣìṣe yìí kan náà ló máa ń pa àwọ̀ dà wọ inú jiọ́mẹ́tìrì. Area ni ìwọ̀n ojú nǹkan, ìyẹn iye onígun mẹ́rin kéékèèké tó lè bò ó pátá; perimeter ni gígùn etí rẹ̀ yí ká. Ẹ wá wo onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba, èyí tí ìwé ìdánwò ń pè ní square, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì mítà. Area rẹ̀ ni ½ × ½, ìdá mẹ́rin mítà oníwọ̀n ojú, èyí tí a ń kọ ní m². Ọmọ ìdánwò á wò ó, á ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, báwo ni gbogbo ojú rẹ̀ ṣe lè kéré ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan lọ, á sì wá fi 1 tàbí 2 dípò rẹ̀. Kò kéré jù ú lọ, torí pé gígùn àti ojú kì í ṣe ohun tí a lè fi wé ara wọn. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà wọ̀n ọ́n wò: 50 × 50 jẹ́ 2,500 cm². Mítà kan lóòró àti mítà kan ní ìbú jẹ́ 100 × 100, ìyẹn 10,000 cm², kì í ṣe 100 bí ọ̀pọ̀ ṣe ń kọ. 2,500 nínú 10,000 sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí ẹ bá sọ ẹ̀gbẹ́ di ìlọ́po méjì, area á di ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n perimeter á di ìlọ́po méjì péré.

Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù kò gbà mí lákòókò tó bẹ́ẹ̀. Factor ni nọ́ńbà odidi tó lè pín òmíràn láìṣẹ́kù, multiple nọ́ńbà kan ni èyí tí a rí nípa fífi nọ́ńbà odidi sọ ọ́ di púpọ̀: 3 jẹ́ factor 12, 24 jẹ́ multiple 12. Nọ́ńbà prime ní factor méjì péré, nítorí náà 1 kò sí lára wọn, 2 sì ni ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn tó ṣeé fi méjì pín láìṣẹ́kù. Radius bẹ̀rẹ̀ láti àárín gbùngbùn róbótó dé etí rẹ̀, diameter la àárín kọjá láti etí dé etí, ó sì jẹ́ ìlọ́po méjì radius. π ni iye ìgbà tí diameter lọ nínú etí róbótó yí ká. 22/7 àti 3.14 sún mọ́ ọn ni, kò sí èyí tó jẹ́ òun gan-an nínú méjèèjì, nítorí náà èyí tí ìwé ìdánwò bá ní kí ẹ lò ni kí ẹ lò. Igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta onígun mẹ́ta jẹ́ 180 dígírì ní àpapọ̀. Square jẹ́ ọ̀kan lára rectangle, torí pé igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 90 dígírì; Euclid ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ nígbà tirẹ̀, àwa ò ya wọ́n mọ́. Nípa BODMAS, ìlànà tó ń sọ èyí tí a ó kọ́kọ́ ṣe nínú ìṣirò, àròpọ̀ àti àyọkúrò wà ní ipò kan náà, láti òsì sí ọ̀tún ni a ń ṣe wọ́n: 10 − 4 + 3 jẹ́ 9, kì í ṣe 3. Bákan náà ni ìsọdipúpọ̀ àti pípín rí.

Ẹ kò sọ irú ìdánwò tí ẹ fẹ́ ṣe, nítorí náà ẹ wo sílábọ́ọ̀sì rẹ̀ kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ mi gẹ́gẹ́ bí òpin. Orúkọ lè yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn: onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjì péré kì í pàdé ara wọn bó ti wù kí a fà wọ́n gùn tó, trapezium ni àwọn ará Bìrìtìkó ń pè é, trapezoid ni ti Amẹ́ríkà. Èyí tí sílábọ́ọ̀sì yín bá lò ni kí ẹ kọ.

Ní ti híhá sórí, ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta lóòjọ́. Ẹ ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ àpẹẹrẹ kan tó jẹ́ ẹ, àti kan tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe òun, kí ẹ sì kọ ìdí tí kò fi jẹ́ òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fún un. Bí ìwé pélébé náà bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ wo ẹ̀yìn ojú ewé rẹ̀. Bí wọn kò bá tẹ nǹkan sí i, ibẹ̀ dára fún yíya àwòrán.